Orúkọ Tí Mo Sọ Ọmọ Rẹ

Ìdèrè,
14 Oṣù Kẹta, 1993.

Láwàl, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ tuntun. Mùnírátù àbúrò rẹ bí ìbejì, takọ-tabo. Búrẹ́mọ̀ gbéyàwó ní Èrúwà. Orúnkún mi ti ń sàn.

Fọ́tò ilé olódi orí òkè tí ẹ lọ wò ní Sípéènì dé. Èmi fúnra mi ni mo ka lẹ́tà rẹ sókè ní kíláàsì mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà. O ní àwọn Mùsùlùmí láti Áfíríkà ló kọ́ ọ, wọ́n jọba níbẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó lé wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó mú yín káàkiri kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Hàlímọ̀ tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ sọ fún mi pé, "Màmá Sàláúdéènì, òkúta wọn ṣì wà, orúkọ wọn ló ti rá!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

O kọ̀wé pé orúkọ ilé ìyá rẹ̀ nìkan ni ọmọ ń jẹ́. N kò bínú, ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwẹ̀ró ni mo sọ ọ́. Máa fi pè é bí o bá gbé e. Ọlọ́run yóò dá a sí, yóò jẹ́ kí n fojú rí i.

Mo mọ̀ pé wọn kì í ná owó wa lọ́hùn-ún, àmọ́ a kì í sọ ọmọ lórúkọ lọ́wọ́ òfo: ogún náírà wà nínú àpòòwé yìí.