Kòkó Tí Kò Sí

                                        Ilé Fámúrewá,
                                        Òdò-Ọjà,
                                        Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
                                        14 Oṣù Kọkànlá, 2005.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ìgè,

Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ikọ́ Tẹniọlá ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kó sùn? Ara tèmi yá, ọkọ mi náà wà, Màmá sì ń lọ sóko bí ọmọge. Mo ti kí ọ tán. Ìjà ló kù.

O ní kí n bá ọ yan ọ̀kan nínú àwọn alágbàtà méjì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n sì fọwọ́ síwèé kí o lè ta oko kòkó Bàbá wa ní Ìṣẹ́. O ní ti àkọ́kọ́ máa ń yá èèyàn ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún owó tó bá mú wá, kó fi ra dọ́là. Ta ló ń yá àlejò lówó bẹ́ẹ̀ lásán? Èkejì ló bí mi nínú jù. O ní èèyàn lè máa ta kòkó níbẹ̀ láìní hóró kan: bí iye rẹ̀ bá gòkè, á jèrè, bó bá wálẹ̀, á jẹ gbèsè. Alágbàtà níí sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn tìrẹ kò tiẹ̀ ní ọjà! O fẹ́ ta kòkó tó wà nílẹ̀ kí o lè máa ta kòkó tí kò sí. A kò kúkú sọ ọ́ ní Ìgè lásán: ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ mú wáyé, orí ló ń gbẹ̀yìn dé.

Mo bi Victor, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà níléèwé wa, nípa èrè tí o ní o ti jẹ lórí "démò". Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní owó àfiṣeré ni, àwọn alágbàtà ló ń fi í kọ́ èèyàn níṣẹ́, kò ṣe é fi ra gúgúrú. Èrè yẹn lo torí rẹ̀ wá dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìkórè! O jó, o dọ̀bálẹ̀, àlùfáà gbàdúrà lé ọ lórí, Màmá tú gèlè dì mọ́ ìdí. Bóyá o mọ̀, bóyá o kò mọ̀, mi ò mọ èyí tó burú jù.

Mo lọ sí Ìṣẹ́ ní Sátidé láti sọ fún Màmá. Kí n tó jókòó, wọ́n ní àwọn ti tẹ̀ka síwèé tìwọn. Wọ́n ní, "Mojí, Ìgè á kọ́ ulé fún mi, ulé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ mi ti là." Wọ́n ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ kòkó yẹn ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo jẹ iyán wọn, mo padà sílé láìsọ nǹkan kan. Inú bí mi sí ọ dé ibi tí omijé bọ́ lójú mi nínú ọkọ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Òun nìkan ni mo fẹ́ràn nínú yín báyìí.

Wọ ọkọ̀ wá sílé. Jókòó ti Màmá, kí ìwọ fúnra rẹ sọ fún wọn pé èrè kankan kò sí. Bí o bá sọ ọ́ tán, tí wọ́n bá ṣì ní ká ta oko, èmi yóò fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ń bí,
                                        Mojísọ́lá