Ilé Ìwé Tí Kò Ní Ṣáláńgá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín lórí rédíò ní orí òkè Atlas.

Nígbà tí mo jẹ́ ẹnjiníà, èmi ni mo bójú tó kíkọ́ ilé ìwé abúlé Tizugmar. Ọjọ́ tí gómìnà máa ṣí i ti sún mọ́lé, ni mo bá yọ ṣáláńgá àti ọgbà kúrò nínú iṣẹ́ náà kó lè tètè parí. Darandaran kan, Basu, wá bẹ̀ mí.

“Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọbìnrin mi ò lè máa tọ̀ lójú àwọn ọmọkùnrin.”

Mo ní, “Basu, ṣé ìwé lọmọ rẹ fẹ́ wá kà ni, àbí ìtọ̀ ló fẹ́ wá tọ̀?”

Àwọn bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. Basu dá Ijja, ọmọ rẹ̀, padà sẹ́yìn ewúrẹ́.

Ijja yìí ló ń tọ́jú mi báyìí tí ẹsẹ̀ mi ti rọ. Kò mọ̀ pé èmi ni ẹnjiníà náà. Èmi ni mo máa ń ka ohun tó wà lára páálí oògùn fún un. Nígbà tí Basu kú, Ijja kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Ó sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹni tí kò jẹ́ kí n kàwé, òun ni kí n wá máa sunkún ẹ̀?”

Mo ní kó bá mi gbé tíì wá.

Tí mo bá jẹ́wọ́, yóò fi mí sílẹ̀, mi ò sì ní ẹlòmíràn. Àmọ́ èmi àti Ijja jọ máa ń gbọ́ ètò yín. Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, kí ẹ sì ka orúkọ Basu ketekete, kí ọmọ rẹ̀ lè gbọ́ pé ó bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ̀yin olùgbọ́, tí Ijja bá yíjú sí mi báyìí, kí ni kí n wí?