Ẹ̀rọ Omi Tí Màmá Mi Ṣí Sílẹ̀ ní Thamesmead

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú àìrí wa, ẹ sì kú ọyẹ́ tí mo gbọ́ pé ó ti ń fẹ́ ní Ìbàdàn. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, bí ikùn yìí bá gbà mí láyè láti kúnlẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àtàwọn ọmọ rẹ̀, mo kí gbogbo ìyàwó ilé, mo sì kí Gàníyù àbúrò mi tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Gàníyù, kà á dópin o. Bí Màmá bá ní àwọn fẹ́ lọ yẹ ọbẹ̀ wò, sọ fún wọn pé ọbẹ̀ ò jóná.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn tí gbogbo ayé ń kà. Ẹ̀yin lẹ fà á. Bí mo bá pè yín lórí fóònù, tí a kíra tán, tí mo ní kí n béèrè ìgbà tí ẹ ń bọ̀, ẹ ti gbé fóònù fún ẹlòmíì nìyẹn. Físà yín ṣì wà. Làtíìfù ọkọ mi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Mo ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀ mi. Ẹ wá ní kí n wá obìnrin mìíràn tó máa bá mi wẹ ọmọ. Níbo ni kí n ti rí i, Màmá? Ṣé súpámákẹ́ẹ̀tì tó wà ní Thamesmead Town Centre nílùú òyìnbó níbí ni wọ́n ti ń tà á?

Ara mi ò lélẹ̀ rárá. Òtútù ti dé, ilẹ̀ sì ń tètè ṣú débi pé kí n tó kúrò lórí ẹní aláásárì, mọ̀gáríbì ti wọlé. Wọ́n ti ní kí n lọ sinmi títí n óò fi bímọ, nítorí náà ẹlòmíì ló ń tọ́jú àwọn arúgbó tí mo máa ń lọ wẹ̀ ní Woolwich. Làtíìfù wà nídìí bọ́ọ̀sì tó ń wà. Èmi nìkan ni mò ń rìn yíká ilé, mò ń wo adágún Southmere láti ojú fèrèsé, mò ń wo àwọn ilé kọnkéré tí wọ́n ń wó lápá ọ̀hún. Rédíò ní omi máa dì lọ́sẹ̀ yìí. Látìgbà tí mo ti gbọ́, n kì í jókòó pẹ́ tí n óò fi tún lọ fọwọ́ kan páìpù abẹ́ síǹkì bóyá ó ti ń tutù jù. Làtíìfù ní láìpẹ́ páìpù náà máa bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun sinmi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Àwọn tó ń ka ìwé yìí ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn, bí ẹ tilẹ̀ ń mí kanlẹ̀. Nígbà họ́lídè Kérésì tó kọjá, tí Màmá mi wá kí wa níbí, gbogbo wa lọ kí ẹ̀gbọ́n Làtíìfù ní Manchester. Nígbà tí a padà dé Thamesmead, inú ilé wa tutù bí inú fíríìjì, ẹ̀rọ kankan ò sì yọ omi. Làtíìfù tan hítà tó ń mú ilé gbóná, ó sá lọ síbi iṣẹ́, èmi náà sá lọ. Ó wá ku Màmá mi nìkan, wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá. Wọ́n yí ẹ̀rọ, kò tilẹ̀ húkọ́.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Èkó, kí là ń ṣe nílé bí ẹ̀rọ ò bá yọ omi? A kì í tì í pa. A máa ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu, a ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, a ó wá dẹtí sílẹ̀. Bó bá ti dún ṣìì báyìí, ọmọdé àtàgbà á dìde eré. Bí èèyàn bá ti ẹ̀rọ pa, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìjọba ti tú omi sílẹ̀? Bí Màmá mi ṣe ṣe nìyẹn. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná sílẹ̀, wọ́n ṣí ti balùwẹ̀, wọ́n sì fi rọ́bà dí ihò síǹkì pa kí ẹ̀kán omi kankan má baà ṣòfò. Wọ́n fi omi inú ike ṣe àlùwàlá, wọ́n kírun, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ ra iṣu ní Woolwich. Ooru hítà dé ara páìpù, yìnyín inú rẹ̀ yọ́. Omi yọ lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni nílé tó máa gbọ́ ọ.

Missis Pat, ìyá òyìnbó arúgbó tó ń dá gbé nísàlẹ̀ wa, ni omi náà lọ bá. Àjà yàrá rẹ̀ já lé orí bẹ́ẹ̀dì. Alhamdulillahi pé ilé ìdáná ló wà. Màmá mi, nígbà tí ẹ dé tòun ti iṣu lọ́wọ́, tí ẹ rí i, ẹ tú ìró òkè, àdìrẹ aláró yẹn, ẹ tẹ́ ẹ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ ń fi fa omi, ẹ ń fún un sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Obìnrin yẹn rò pé ẹ ṣubú ni! Ìgbà yẹn ni mo wọlé, mo bá àgbàlagbà méjì tí wọ́n ń fa ara wọn, ọ̀kan ní òun fẹ́ kúnlẹ̀, èkejì ní kò ní í gbà, ó fẹ́ gbé e dìde, ó ń pariwo pé kí wọ́n gba òun. Ó ṣe mí bí ẹkún, ó ṣe mí bí ẹ̀rín.

Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń sọ pé ọwọ́ yín ti ba ilé opó jẹ́, pé ojú yín ò ní í lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Màmá, ẹ gbọ́ o. Ọwọ́ yín nìkan kọ́. Làtíìfù ló pa hítà pátápátá kí a tó lọ Manchester, ó pa á bí ẹni ń pa jẹnẹrétọ̀, kí gáàsì má baà jó lásán. Pọ́lọ́mbà tó wá yẹ ilé wò sọ pé ká ní a fi hítà sílẹ̀ díẹ̀, omi ò ní í dì, ẹ̀rọ ò sì ní í gbẹ débi tí ẹ máa ṣí i sílẹ̀. Làtíìfù fẹ́ fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún yín. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nídìí fóònù, kò mọ̀ pé ẹ ti gbé e fún Gàníyù. Ẹ ò rí nǹkan, Gàníyù ló gba ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀!

A ti kọ́gbọ́n. Bí a bá fẹ́ rìnrìn àjò báyìí, a máa ń fi hítà sílẹ̀ níwọ̀nba, a ó sì pa omi gbogbo ilé láti ara irin kékeré kan tó wà lábẹ́ síǹkì. Mo ti so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn kí ẹ lè dá a mọ̀. Bí òtútù bá mú jù, a máa ń ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ibẹ̀ kí ooru ilé lè dé ara páìpù. Bí ẹ̀rọ ò bá sì yọ omi, a ó tì í pa, ẹnì kan ò sì ní í jáde nílé. Ẹ̀yin ará wa tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn òbí yín tó bá wá kí yín nígbà òtútù, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún màmá tèmi. Òróró tí a fi dín ẹran fún àlejò náà, ẹ má dà á sí síǹkì mọ́. Pọ́lọ́mbà yẹn fa ọ̀rá kan jáde nínú páìpù wa, ó funfun, ó le bí àbẹ́là, ojú tì mí. Inú agolo là ń dà á sí báyìí.

Wọ́n ti tún àjà Missis Pat ṣe, ó ti padà sílé rẹ̀. Ó ti hun fìlà fún ọmọ. Ó ní látìgbà tí ọkọ òun ti kú, ẹ̀yin nìkan lẹ tíì bá òun nulẹ̀ ilé òun. Gbogbo ìgbà tó bá rí mi ló máa ń béèrè bóyá orúnkún yín ti san. Mo ti ṣàlàyé títí pé ẹ kúnlẹ̀ ni, ẹ ò ṣubú. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ṣé orúnkún náà ti san? Ẹ wá fúnra yín dá a lóhùn.

Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. N kò lè wẹ ọmọ tuntun, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lé ẹsẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun rèé tó fẹ́ dé ọjà, àgbà wá ní òun ò ná ọjà náà mọ́.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kó fún Bàbá lálàáfíà, kó bá wa ṣọ́ gbogbo agboolé, kó jẹ́ kí ojú rí ojú láìpẹ́. Ẹ bá mi kí Alfa àdúgbò, ẹ bá mi kí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi.

Ó ku ohun kan. Ìró àdìrẹ yẹn, ẹ fi sílẹ̀ níbí, ẹ ní ẹ ò fẹ́ fojú kàn án mọ́. Nígbà tí pọ́lọ́mbà ní ká wá nǹkan wé páìpù, òun ni mo mú. Mo gbá a mọ́ ọn, mo fi ọ̀já dè é lórí. Pọ́lọ́mbà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má tú u, ó kan fi fóòmù tiẹ̀ bò ó. Ìró yín kan ṣoṣo tó wà lọ́dọ̀ mi nìyẹn, páìpù ni mo fi pọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú òmíràn dání bọ̀ fún ọmọ.

Èmi ni ọmọ yín tó ń wọ̀nà,
Múìnátù