Kòtò Mẹ́rin Lápá Róbọ́ọ̀tì

Dádì,

Mo ti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Oúnjẹ yín wà nínú fíríìjì, ẹ gbé e kaná dáadáa.

Mo ka àgbéyẹ̀wò tí ẹ fi sórí tábìlì nípa róbọ́ọ̀tì ìṣeré tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbé jáde. Ẹ ní ó dára, àfi àléébù kan: kòtò kéékèèké mẹ́rin lápá òsì. Mo gbé e, mo ń yí i padà láti tírélà títí ó fi dìde dúró bí ènìyàn. Apá yọ, àtàǹpàkò mi sì kó sínú kòtò yẹn bí ẹni tó mọ̀nà.  Mo rò pé èyí àtijọ́ tiwa ni mo gbé, àmọ́ ìyẹn wà lórí pẹpẹ. Ẹ má bínú, mo já páálí kejì tí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí. Kòtò mẹ́rin, ibì kan náà.

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé irin tí ilé-iṣẹ́ náà ń da ike sí láti fi mọ ọ́n ti sọnù, tí ẹ sì yá wọn ní tiwa lọ́dún tó kọjá kí wọ́n lè mọ tuntun jọ ọ́. Tiwa tí ọmọ wa máa ń gé jẹ nígbà tó ń yọ eyín. Ọdún kẹta rèé tí a ti sin ọmọ náà. Ẹ ò dá eyín rẹ̀ mọ̀ ni?

Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni àwọn ṣe. Ó ń yọ eyín nínú ẹgbẹ̀rún márùn-ún ilé báyìí.

Ẹ fagi lé àléébù yẹn kí ẹ tó fi ránṣẹ́.