Ètò Tí Ará Ọ̀nà Ṣe fún Ìsinmi Etí Òkun

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Mo ti pinnu. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́: ní oṣù keje, èmi àti ọkọ mi ń lọ sí erékùṣù kan, ọjọ́ méje gbáko, etí òkun. Ibi tí kò sí ariwo. Ibi tí òtútù kì í dé. A ò ní ṣe iṣẹ́ kankan.

Inú àpò aṣọ dókítà kan ni mo ti rí i. Ìwé pélébé, ó ti rin gbingbin, àwòrán yanrìn funfun àti àga méjì tó kọjú sí omi. Ní ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn wa, ohun tí a bá rí nínú àpò, a máa ń dá a padà. Èyí, mo fi áyọ́ọ̀nù gbẹ ẹ́, mo sì gbé e lọ sílé. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ ìyàwó ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà. Tírélà ló ń wà — á lọ lọ́jọ́ Ajé, á dé lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà mìíràn ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Ará Ọ̀nà nínú ìwé yìí. (Kò mọ̀.) Ó fẹ̀yìn tì ní oṣù kìíní. Láti ìgbà náà, a wà nínú ilé bí àlejò méjì tí wọ́n jọ há sí yàrá kan. "Ẹ káàárọ̀." "Ṣé o jíire?" Ó parí. A tọ́ ọmọ mẹ́ta, a kọ́lé, ṣùgbọ́n a ò mọ bí a ṣe ń bá ara wa jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí a ò bá kọ́ ọ báyìí, a ó darúgbó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo sọ fún un nídìí oúnjẹ àárọ̀. Mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ sí etí òkun, àwa méjèèjì." Ó dá ṣíbí dúró lọ́nà ẹnu. Ó ní kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan tí a fẹ́ ṣe. Ó ronú sí i bí ẹni tí wọ́n ní kó wa ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà: "Ó dáa. Fi ètò ẹ̀ lé mi lọ́wọ́."

Ó lọ gbé ìwé àtijọ́ rẹ̀ jáde, èyí tó fi ń kọ ibi tí ẹrù ń lọ àti àkókò tó máa débẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Mi ò tíì rí ojú yẹn láti oṣù kìíní.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ — Ọ̀gá Fáìlì, torí fáìlì kì í kúrò ní abíyá rẹ̀ — kò fọwọ́ sí ìwé ìsinmi mi. Ó ní òun ṣì ń wò ó. Kó máa wò ó. Èmi náà ń wò ó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ará Ọ̀nà ti sọ tábìlì ìjẹun di ọ́fíìsì. Ó tẹ́ máàpù, ó fi ìdérí ìkòkò mi mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wákàtí mẹ́rin sí èbúté, wákàtí méjì lórí omi. Ó ti mọ ibi tí a ó ti yà tọ̀. Ó pe ọlọ́kọ̀ ojú omi, ó bi í pé ọdún mélòó ló ti ń wà á, ìgbà wo ni wọ́n yẹ ẹ́ńjìnnì wò gbẹ̀yìn, ṣé ó máa ń mutí. Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pe obìnrin tó ni ilé àlejò ní erékùṣù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Yàrá márùn-ún péré ló ní. Obìnrin náà ní kò sí ọjà, kò sí sinimá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn.

Lọ́sàn-án, àbúrò mi obìnrin pè. Mo jẹ́ kí ẹnu mi já. Mo sọ fún un pé ọkùnrin yìí ti tún ilé ìdáná mi tò lẹ́ẹ̀kejì, pé tí mo bá ń fọ abọ́, á dúró lẹ́yìn mi bí ọ̀gá tó ń ṣọ́ dírẹ́bà tuntun. Mo ní, "Ilé ti há mọ́ mi. Nígbà tó máa ń wà lọ́nà, ṣebí mo máa ń ráyè mí." Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ará Ọ̀nà wà níta, ó ń fọ ọkọ̀ lábẹ́ fèrèsé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ogun gidi ni lónìí. Ọ̀gá Fáìlì ní, "Màmá, tí ẹ bá lọ, ta ló máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo aṣọ?" Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ kì í jáde lọ́dọ̀ wa àfi tí mo bá gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Omi gbígbóná ti pa ọwọ́ gbogbo wa. Ọwọ́ kì í mọ̀ bóyá aṣọ ṣì tutù nínú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Mo ní Igbákejì mi ti ń kọ́ ọ. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbà yìí fẹ́ kúrò lọ́jà fún ọjọ́ méje, kí ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n tún orí rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀.

Mo jókòó sórí àga àlejò rẹ̀. Mo ní mi ò dìde. Ó ka fáìlì, ó mu omi, ó pe ẹnì kan, ó tún ka fáìlì. Nígbà tó di aago méjìlá, ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ra akẹtẹ̀ kan, ó fẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù jáde. Ará Ọ̀nà ní ó yẹ mí. Kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi mí pé ẹ̀gbẹ́ wo ni mo máa ń sùn sí jù, ṣé ìró omi ò ní dí mi lọ́wọ́ oorun. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ tó ń bi obìnrin ilé àlejò pé ṣé ẹnì kan máa ń yẹ àlejò wò ní ìrọ̀lẹ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo ń sùn sí! Inú mi dùn ṣá pé ó béèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Igbákejì dá aṣọ mẹ́rin padà lónìí, gbogbo rẹ̀ ló tutù lóòótọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti gbọ́n. Ó ku ìwọ, òkun.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Àbíkẹ́yìn wa pè mí láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Dádì ní kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì. Lórí fóònù! Ó tún bi í pé agolo ìrẹsì mélòó ló máa tó ẹnì kan lóòjọ́. Mo ní bóyá ó fẹ́ máa dáná fún mi létí òkun. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mò ń kọ ọ́ síbí torí mi ò rántí ìgbà tí mo sọ ọ́ kẹ́yìn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ra ṣòkòtò péńpé tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́ fún un, aláwọ̀ búlúù. Ó ní ó dáa. Ó ká a, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀, kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ wò. Inú bí mi. Mo sọ ọ́ sókè: tó bá wù yín, ẹ wọ kóòtù wọnú òkun, èmi ṣáà ń lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ọ̀gá Fáìlì ní kí n mú nọ́ńbà ilé àlejò wá. Ará Ọ̀nà ti lọ pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀. Mo ṣí ìwé rẹ̀.

*Èrò: méjì* — ó ti fi ìlà pa á rẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: *Èrò: ọ̀kan.* Ó kọ ọjọ́ tó yí i padà síbẹ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà. *Ibùsùn: ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.*

Nísàlẹ̀: *Àbámẹ́ta. Aago márùn-ún, gbé e kúrò nílé. Mẹ́sàn-án, èbúté. Bá a gbé ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi. Padà sílé. Àbámẹ́ta kejì: ọkọ̀ ń dé ní aago mẹ́ta. Ti wà níbẹ̀ ní méjì. Má jẹ́ kó dúró dè ọ́.*

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ìlà méjì ló fà sí i nídìí.

Ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ Àìkú. Èmi àti àbúrò mi lórí fóònù, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ẹyin lohùn, ẹni tó ń fọ ọkọ̀ níta ló sì fọ́ lé lórí.

Kí n má purọ́ fún bébà: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, ọjọ́ méje, èmi nìkan. Inú mi dùn, bóyá ìṣẹ́jú kan. Ìgbà náà ni mo rántí ìrẹsì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná tó tún tò, mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mi ò lọ síbi iṣẹ́ kí n tó bá a sọ̀rọ̀. Mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, kò dun òun. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ó dun òun díẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má bẹ òun, òótọ́ ni mo sọ, òun náà mọ̀ pé òun ń dínà mọ́ mi nínú ilé. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní gbàgbé: "Mọ́mì, iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Kí n gbé nǹkan débi tó ń lọ, kó má fara pa. Awakọ̀ kì í bá ẹrù wọlé. Tó bá ti já a, á padà sínú ọkọ̀. Oore tí mo rò pé mo lè ṣe ọ́ nìyẹn."

Mo ní èmi kì í ṣe ẹrù. Mo ní mo fẹ́ kó bá mi lọ. Ó ní, "Tó bá tún wá há mọ́ ọ lọ́hùn-ún ńkọ́?" Mo ní òkun fẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sójú kan láìṣe nǹkan kan. Mo ní èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo pe obìnrin ilé àlejò. Yàrá ti kún, ibùsùn tí wọ́n fún mi ò sì lè gba ju ẹnì kan lọ. Mo tún pè é. Mo ní kó tẹ́ ẹní. Ó ní ilẹ̀ ò láyè. Mo tún pè é. Nígbà kẹrin ó mí kanlẹ̀, ó ní yàrá kan wà lẹ́yìn, tí àwọn ń kó àga etí òkun sí, ibùsùn ńlá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Mo ní ẹ kó àga jáde.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́

Ará Ọ̀nà ní kí n má fi yàrá tó kọjú sí òkun sílẹ̀ nítorí òun. Mo ní ẹ má tún bẹ̀rẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ẹ ń bọ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ká débẹ̀ ná." Mo mọ ohùn yẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù keje

Mo di ẹrù tèmi. Mi ò di tirẹ̀. Mi ò ní fà á, mi ò ní tì í. Mò ń lọ. Tó bá máa wá, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo wà. Ó ń mì, ìkọ̀wé mi ò dúró.

Báàgì méjì ni mo rí nínú búùtù láàárọ̀, tèmi àti tirẹ̀. A dé èbúté ní aago mẹ́sàn-án gẹ́lẹ́. Ó gbé báàgì méjèèjì sínú ọkọ̀ ojú omi, ó padà sórí ilẹ̀ lọ wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ní kò sẹ́ni tó lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ méje kó má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, torí àwọn lè fẹ́ sún un. Ará Ọ̀nà ní kò sẹ́ni tó ń di kọ́kọ́rọ́ òun mú. Òótọ́ ni. Èmi gan-an ò dì í mú rí. Mo gbọ́ tó ní kó kúkú jẹ́ kí òun gbé ọkọ̀ òun padà sílé. Ó wò mí láti ibẹ̀. Ọlọ́kọ̀ fọn fèrè.

Mo jókòó. Gbogbo ara mi ń pè é, ẹnu mi ò pè é. Mo kọjú sí omi. Mò ń sọ nínú ara mi pé mò ń lọ, mò ń lọ. Fèrè kejì. Wọ́n ti ń tú okùn.

Ẹsẹ̀ ń dún lórí pákó. Ẹnì kan jókòó tì mí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mi ò yíjú.

Ó ní, "Ọkùnrin yẹn máa ba gíà mi jẹ́."

Mo ní, "Ó lè ṣẹlẹ̀."

A ti kúrò ní èbúté báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Ó gbé wọn lé orúnkún, ó gbé wọn kúrò, ó tún gbé wọn lé e, kò mọ ibi tó máa kó wọn sí. Mo di ọ̀kan mú. Ọwọ́ mi kejì ni mo fi ń kọ èyí.