Àgbá Èédú Tí Àárín Rẹ̀ Kò Jóná

Ìbà, l'Ékòó, Ọjọ́rú, nínú ọyẹ́, 1989

Àgbá náà kùnà lónìí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jóná dáadáa, àmọ́ èèpo àgbọn tó wà láàrin ṣì pupa bí ìgbà tí mo rà á ní Bàdágìrì.

Tó bá jẹ́ nínú agolo mílíìkì ni, èédú mi ò já mi kulẹ̀ rí. Omi kànga tó pọ́n bíi tíì á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi agolo mílíìkì ṣe èédú fún ilé iṣẹ́ tó ń fẹ́ ẹ ní àpò-àpò?

Ọ̀gá ẹ̀ka kẹ́mísìrì wa ní yunifásítì ń wúkọ́ bọ̀. "Dókítà, èéfín yín ti kún ọ́fíìsì mi. Èyí tẹ́ ẹ ṣe nínú agolo yẹn ti tó. Ẹ fi kọ pépà, kẹ́ ẹ fi gba ìgbéga."

Mo yí padà sídìí àgbá mi. Ká ní mo fèsì ni, ẹnu mi ì bá kó bá mi.

Ràsákì, wẹ́dà tó bá mi gé àgbá náà, ló wo inú rẹ̀ tó bi mí bí mo ṣe dì í. Mo ní mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè gbà púpọ̀, bí bàbá mi ṣe ń tẹ kòkó mọ́nú àpò l'Ékìtì.

"Ẹ ò wá fi ọ̀nà sílẹ̀ fún iná, mà." Ó ní òun máa jó páìpù mọ́ àárín rẹ̀, kí iná lè gba ibẹ̀ kọjá.

Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí ooru ṣe ń rìn. Kò burú. Ẹsẹ̀ mi ló ba àgbá yẹn jẹ́, ẹsẹ̀ mi náà ló máa gbé mi padà sídìí ẹ̀ lọ́la.

Kí Ràsákì tó lọ, mo ní kó gé àgbá kejì. Kí ọ̀gá yáa máa ti fèrèsé wọn.