Òkè Tí Wọ́n Ti Kí Mi

Màmá mi, ẹ kú ojúlọ́nà. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo fẹsẹ̀ rìn gba inú igbó dé orí òkè kan, mo wo ilé ìṣọ́ àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo pàdé lọ́nà ló kí mi. Nílé tí mò ń gbé nílẹ̀ àjèjì níbí, oṣù keje rèé tí mo ti ń kí ará yàrá kejì lórí àtẹ̀gùn, bí ẹni ń kí ògiri. Èèyàn mẹ́rìnlá ló kí mi lórí òkè. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ tán, mo tún un gùn. Eré ìdárayá ni, ẹ má rò ó.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Tẹ́ ẹ bá máa fèsì, ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ ò ní láti ròyìn kankan, ẹ ṣáà kí mi.